Ìgbì Rédíò Nínú Ilé Gíga

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìgbì rédíò a máa la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n ògiri a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ní ọdún 1888, ní Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì, Heinrich Hertz fi hàn nínú gbọ̀ngàn ìkọ́ni pé páànù a máa dá ìgbì náà padà.

Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi WISE han ayé, ètò kọ̀ǹpútà tí ń gba àwòrán ilé, tí ó sì ń ṣírò ibi tí ó yẹ kí ẹ̀rọ wà kí ìgbì lè dé gbogbo yàrá.

Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè kọ́ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú ní World Trade Center, New York, ní ọdún 1993, wọ́n fi ẹ̀rọ kan síbẹ̀ láti ran rédíò àwọn panápaná lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn ọ̀gá wọn dán an wò ní ilé gogoro ti àríwá, wọ́n sì rò pé kò ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ ní ọdún 2004 pé bọ́tìnì kejì ni ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Panápaná 343 ni ó kú lọ́jọ́ náà. Bọ́tìnì nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n àṣẹ àtijáde kò dé etí púpọ̀ nínú wọn.

Àkọsílẹ̀ tí ẹni tó ni iṣẹ́ kò mọ̀ dunjú kí ewu tó dé, ìwé lásán ni.