Ìdánwò Abẹ́rẹ́ Àjẹsára HIV ní Ilẹ̀ Thailand

Ní ọdún 1984, Margaret Heckler, mínísítà ètò ìlera Amẹ́ríkà, kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lè dènà àrùn éèdì yóò ṣeé dán wò láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Ó di 1987 kí wọ́n tó dán èyí àkọ́kọ́ wò ní Amẹ́ríkà, kò sì yọrí sí nǹkan kan. HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, a máa pààrọ̀ ìrísí lemọ́lemọ́: kí ara tó dá ọ̀kan mọ̀, òmíràn ti yọjú. Àwọn sójà ara tó yẹ kó lé e jáde gan-an ló tún ń fi ṣe ibùgbé.

Láti 1999, wọ́n dán abẹ́rẹ́ AIDSVAX wò ní Bangkok, lára nǹkan bí 2,500 ènìyàn tó ń gún oògùn olóró sára. Ní 2003, èsì fi hàn pé kò dáàbò bò wọ́n.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Thailand àti iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò RV144 ní Rayong àti Chonburi. Ọkùnrin àti obìnrin 16,402, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 18 sí 30, ló yọ̀ǹda ara wọn. Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n pa pọ̀. ALVAC ni èkíní: kòkòrò àrùn ẹyẹ tí kò lè gbilẹ̀ lára ènìyàn, tó gbé díẹ̀ lára èròjà HIV. AIDSVAX tó ti kùnà ni èkejì. Èyí ló mú kí onímọ̀ 22 bẹnu àtẹ́ lu ìdánwò náà nínú ìwé ìròyìn Science ní 2004.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́fà ni ìdajì wọn gba ALVAC, AIDSVAX sì bá méjì tó kẹ́yìn rìn. Ìdajì yòókù gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Àtẹni tó ń gbà á àtẹni tó ń gún un, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo. Wọ́n gba gbogbo wọn nímọ̀ràn lórí bí wọn kò ṣe ní kó àrùn náà, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ọdún mẹ́ta.

Èsì jáde ní 2009. Ènìyàn 51 ló kó HIV nínú àwọn tó gba àjẹsára, 74 nínú àwọn yòókù: ewu dín kù ní ìdá 31 nínú 100. Èyí kò tó láti fọwọ́ sí i fún ará ìlú, ṣùgbọ́n òun ni àmì àkọ́kọ́ pé àjẹsára lè dènà HIV lára ènìyàn.

Ní 2016, wọ́n tún irú àjẹsára RV144 ṣe láti bá ẹ̀yà HIV tó wà ní South Africa mu, wọ́n sì dán an wò lára nǹkan bí 5,400 ènìyàn níbẹ̀. Ní 2020, 129 ló ti kó àrùn nínú àwọn tó gbà á, 123 nínú àwọn tí kò gbà á. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró.