Bọ́ọ̀lù Ẹlẹ́sẹ̀ àti Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: Èwo Ló Gba Ọgbọ́n Jù?

  Bí ohùn mi bá há díẹ̀, ẹ má bínú, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé láàárọ̀ yìí, wákàtí mẹ́rin péré ni mo rí sùn. Àmọ́ mo ti ṣèlérí fún yín pé a máa sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Nílé wa ní Houston níbí, ìjà kan wà tó gba ọdún méjì gbáko. Kì í ṣe ìjà owó o. Ìjà bọ́ọ̀lù ni. Àbúrò mi ọkùnrin, tí wọ́n bí síhìn-ín, mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gbá dáadáa láti kékeré. Ó wá wọ iléèwé girama, ó ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lòun fẹ́ máa gbá. Bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn, tó jẹ́ pé orúkọ Shooting Stars ló kọ́kọ́ kọ́ wa kó tó kọ́ wa ní orúkọ àwọn ìbátan wa, wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù wo nìyẹn? Èyí tó rí bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré bí ẹni jí ewúrẹ́ gbé? Kò sí ọgbọ́n kankan nínú ẹ̀." Àbúrò mi náà ní, "Dádì, ẹ má bínú, tiyín ńkọ́, tí wọ́n á sáré fún wákàtí kan àbọ̀, tí yóò wá parí sí òdo sí òdo?" Bàbá mi ò lọ wo ọmọ yẹn lórí pápá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọdún méjì.

Mo mọ̀ pé irú ìjà yìí wà nílé púpọ̀ nínú yín. Èmi wá lọ ka ìtàn eré méjèèjì, mo sì rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní 1863, àwọn ọkùnrin kan pàdé ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Freemasons' Tavern ní London, láti kọ òfin kan ṣoṣo fún bọ́ọ̀lù, nítorí pé iléèwé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ṣé kéèyàn lè gbé bọ́ọ̀lù sáré, ṣé ó sì lè ta èèyàn nípàá lójúgun. Àwọn tó gbà pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ bínú kúrò níbẹ̀, ọ̀nà tiwọn ló di rugby. Àwọn tó kù ló ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí bàbá mi ń pariwo lé lórí.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1869, Rutgers àti Princeton figagbága ní New Jersey. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìdíje àkọ́kọ́ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Èèyàn 25 ní apá kọ̀ọ̀kan, Rutgers borí pẹ̀lú 6 sí 4. Ẹ gbọ́ èyí o: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ́jọ́ yẹn! Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a. Nígbà tí Harvard bá McGill ti Kánádà gbá a ní 1874 ni irú ti rugby wọlé sí wọn lára.

Ẹni tó wá ya eré náà sọ́tọ̀ pátápátá ni Walter Camp ti Yale. Ní 1880, ó mú kí wọ́n gbà pé èèyàn 11 ni kó wà ní apá kọ̀ọ̀kan, pé kí apá kan di bọ́ọ̀lù mú, kí gbogbo èèyàn dúró sójú ìlà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tuntun yìí fẹ́ pa eré náà, torí ní 1881 Yale àti Princeton kàn di bọ́ọ̀lù mú ni, apá kan ní ìlàjì àkọ́kọ́, apá kejì ní ìlàjì kejì, àwọn òǹwòran sì ń bínú. Ní 1882 ni wọ́n wá sọ pé bí ẹ bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ ò lọ síwájú tó yáàdì márùn-ún, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sára pápá.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n eré méjèèjì ti yà fún ara wọn. Bí eré bá ń dúró lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á ráyè ronú. Ta lẹni náà? Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni. Bí eré kò bá dúró, agbábọ́ọ̀lù ló gbọ́dọ̀ ronú, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ẹ mọ̀ ṣàpèjúwe. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dà bí onídùndún níbi ìnáwó. Ó ń lu ìlù lọ, ó rí ìyá olówó kan tó ń wọlé, ó yí ìlù padà lójú ẹsẹ̀, ó ki ìyá náà, owó bọ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dà bí ayò. Ọ̀ta ayò á jókòó, á ka ọmọ ayò tó wà nínú ihò gbogbo, á mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí kó tó mú ọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló máa sọ pé ọ̀ta ayò ò lọ́gbọ́n lórí?

Bàbá mi kò gbà o. Ohun tó máa ń sọ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ẹ̀yin ọmọdé lè má mọ̀ ọ́n. Ìnagijẹ rẹ̀ ni "Mathematical", Ernest Okonkwo tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló fún un. Ní 1980, ní pápá ìṣeré Súrùlérè nílùú Èkó, Nàìjíríà na Algeria 3 sí 0, wọ́n sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ìkẹta. Ọmọ Shooting Stars làwọn méjèèjì! Bàbá mi á tún lọ sẹ́yìn sí ti Tẹ́slìm Balógun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, tó bá ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1949. Púpọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà lórí pápá níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni. Ìmọ̀ọ́ṣe wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Òótọ́ ni bàbá mi ń sọ, àádùgbò sì ni ọgbọ́n yẹn ti ń wá. Ẹni tó bá ti gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ládùúgbò Èkó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù rọ́bà yẹn fúyẹ́, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, òkúta wà nílẹ̀, ọkọ̀ ń bọ̀. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń wá ni pé kó gba abẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, kí gbogbo àwọn tó ń wò pariwo "tóróòsì!" Irú ẹ̀ làwọn ará Brazil mú wọ ife àgbáyé 1958, pẹ̀lú Pelé ọmọ ọdún 17 àti Garrincha tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Irú ẹ̀ náà ni Jay-Jay Okocha lò ní Jámánì ní 1993, nígbà tó ń da Oliver Kahn àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn láàmú nínú àpótí kó tó gbá a wọlé. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè ya irú ìyẹn sórí pátákó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo fún àbúrò mi náà. Ní 1905, àwọn ọmọ tó kú sórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà pọ̀ débi pé Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn olórí eré náà wá sí White House. Ní 1906 wọ́n gbà kí èèyàn máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, kí wọ́n má kàn máa fi orí kọ lu ara wọn. Ẹ wo bí ikú ṣe bí ọgbọ́n! Ní 1913, Notre Dame, tí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, lọ bá Army nílé wọn, Gus Dorais ń ju bọ́ọ̀lù sí Knute Rockne, wọ́n borí 35 sí 13. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń jù ú gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí kò sí èèyàn, kó dá a lójú pé ẹnìkejì rẹ̀ yóò débẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹni yẹn bá fi ìgbésẹ̀ kan ṣìnà, ó bàjẹ́. Mi ò lè pe ìyẹn ní eré àwọn alágbára lásán.

Lójú tèmi, bí a bá ń sọ ti àtinúdá ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló borí. Láti 1994 ni NFL ti gbà kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa fi rédíò inú akoto bá quarterback sọ̀rọ̀. Ta ló máa sọ̀rọ̀ sétí Okocha? Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti ọgbọ́n àgbékalẹ̀, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti gba iwájú lọ. Bàbá mi gbọ́ ìdájọ́ yìí, ó ní mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà.

Ibi tí eré méjèèjì ti tún pàdé ló dùn mọ́ mi jù. Tẹ́lẹ̀, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ làwọn ará Amẹ́ríkà fi ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó, wọ́n á sáré tààrà lọ bá a. Pete Gogolak, ọmọ Hungary tí òun àti ẹbí rẹ̀ sá kúrò nílé lẹ́yìn rògbòdìyàn 1956, ò mọ irú ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló ti sáré wá, ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gbá a bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní 1964 ó wọ Buffalo Bills. Mark Moseley tó fẹ̀yìn tì ní 1986 ni ẹni ìkẹyìn tó fi ti àtijọ́ ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ń gbá a bíi ti Gogolak báyìí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀: Obed Ariri àti Donald Igwebuike gbá a fún Clemson, lẹ́yìn náà fún Tampa Bay.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mi ò sọ jáde. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo mọ̀ ọ́n. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà, ló yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní Pittsburgh lẹ́yìn tó kú ní 2002, tó sì rí ohun tí ìkọlù orí lemọ́lemọ́ ti ṣe sí i. Bàbá mi mọ ìtàn yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí sí kíṣìnnì, ó rọra béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé orí ọmọ yìí kò ní bàjẹ́?" Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n bọ́ọ̀lù ló ti ń bá wa jà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mi ò purọ́ fún un. Mo sọ fún un pé ewu wà, pé Jeff Astle tó ń fi orí kan bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà kú ní 2002, ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú sì ní iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Ó dákẹ́ pẹ́ẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, 2023, a wà nílé, Texans ń bá Tampa Bay gbá a. Ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Texans ṣèṣe. Ta ni wọ́n rán jáde? Dáre Ògúnbọ̀wálé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù sáré! Bàbá mi gbọ́ orúkọ yẹn, ó dìde lórí àga. Yáàdì 29. Dáre sáré wá láti ẹ̀gbẹ́, ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gbá a, bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó. Texans borí 39 sí 37. Bàbá mi pariwo débi pé aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ agbádá lọ sí pápá iléèwé. Ó jókòó ti ìyá mi. Àbúrò mi wo òkè, ó rí i, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Ká ní ẹsẹ̀ ló fi gbà á ni, kò ní bọ́."