Òru tí Katapílà Wọ Otodo Gbame

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ẹ̀gbẹ́ Lekki Phase 1 ni Otodo Gbame wà, létí ọ̀sà Èkó, ibi tí àwọn Ègùn apẹja tẹ̀dó sí. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ti pàṣẹ pé kí wọ́n má ì fọwọ́ kan ilé àwọn ará etí omi. Ohun tó gbé wọn dé kóòtù ni pé lóṣù kẹwàá, Ambode, gómìnà Èkó nígbà náà, kéde pé lẹ́yìn ọjọ́ méje, gbogbo ilé pákó etí omi yóò di wíwó, torí àwọn ajínigbé ń fi ibẹ̀ ṣe ibùba.

Òwúrọ̀ kùtù. Iná sọ. Ìjọba ní ìjà àárín àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló fà á. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní bí àwọn ṣe ń sáré bu omi láti pa á, ńṣe ni ọlọ́pàá ń lé àwọn dànù. Ó dáa, ká tilẹ̀ gbà pé ìjà ló dá iná sílẹ̀. Kí ló wá kan ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹni tó gbé korobá omi lọ́wọ́?

Nǹkan bí agogo mẹ́jọ ààbọ̀. Lákòókò yìí ni ìròyìn kàn pé Trump ti wọlé ìbò ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ náà, ta ló ráyè ilé pákó?

Ọ̀sán. Ilé tí iná ò dé ṣì wà níbẹ̀, àṣẹ adájọ́ náà ṣì wà nínú fáìlì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lábẹ́ òfin. Abala 16 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà rí ilé tó bójú mu gbé; abala 6 inú ìwé kan náà wá ní a ò lè torí ìyẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà àwọn ará etí omi fi gba ọ̀nà abala 34 wọlé, èyí tó ní a ò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tàbùkù ẹni jẹ ẹnikẹ́ni. Ní ti ilẹ̀, òfin ilẹ̀ 1978 ti fi í sọ́wọ́ gómìnà. Apẹja tí kò ní ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ (C of O) lọ́wọ́, àlejò ni lójú àwòrán ìlú tí àwọn elétò ìlú yà, ì báà jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ètò ìlú Èkó ti 2010 ní kí wọ́n fún onílé níwèé kí wọ́n tó wólé. Ìkéde ẹnu lásán kì í ṣe ìwé.

Òru. Katapílà dé, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Òkùnkùn ṣú, odindi ìdílé ń já láti orí ibùsùn bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ọkọ̀ wọ̀: ìròyìn tí Amnesty International gbé jáde ní 2017 kọ ọ́ pé àwọn kan bẹ́ sómi níbi tí wọ́n ti ń sá fún ìbọn, wọ́n sì kú sínú ọ̀sà. Èèyàn tó lé ní 30,000 ni ìròyìn náà ní ó di aláìnílé. Ta ló ń fòru wólé bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́?

Ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, wọn ò tíì dáwọ́ dúró.

Lóṣù kìíní 2017, kóòtù ní kí tọ̀tún-tòsì lọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí. Oṣù kẹta, ìjọba tún wólé. Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, wọ́n lé ìyókù lọ. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni Adájọ́ Onigbanjo tó dá a pé lílé tí wọ́n lé wọn lòdì sófin, ó ní kí ìjọba bá wọn jíròrò lórí ibi tí wọn yóò máa gbé. Nígbà yẹn, àwọn tó jàre ti fọ́n ká sọ́dọ̀ ẹbí àti ará ní àwọn àdúgbò etí omi yòókù, níbi tí ilé wọn ò ti ní C of O náà.