Ọdún Ìbí àti Ìpín: Ìtàn Bí A Ṣe Tún Ìdíje Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Àwọn Ọ̀dọ́ Tò

Ní ọdún 1979, ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí àwọn ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a kó lẹ́rú kọjá òkun ti gbé òrìṣà ilé baba wọn ró tí wọn kò jẹ́ kí ó parun títí di òní, ni àjọ FIBA, alákòóso bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n káàkiri àgbáyé, ti kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ láti wá figagbága fún ife ti ara wọn. Amẹ́ríkà ni ó gbé ife náà lọ. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ti ń díje fún ife àgbáyé tiwọn láti ọdún 1950, àwọn obìnrin láti ọdún 1953, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé nígbà tí ó kan àwọn ọmọ, ìlànà àgbà ni a mú fún wọn: ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Aṣọ tí a dá fún bàbá ni a gbé fún ọmọ wọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àtúntò tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, títún aṣọ náà rán ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àgbàlagbà tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá lè wà lórí pápá fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí ife kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn yóò tún bá a nínú agbára. Ti ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọdún ìbí ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn fún un, òun náà ni ó sì ń tì í. Nígbà tí a díje ní Lisbon ní ọdún 1999, àwọn tí a bí ní ọdún 1980 ni wọ́n pé ọdún 19 gẹ́lẹ́. Ní Thessaloniki ní ọdún 2003, ó kan àwọn tí a bí ní ọdún 1984. Ní Novi Sad ní ọdún 2007, ó kan àwọn tí a bí ní ọdún 1988. Ẹ wá wo ẹni tí ìyá rẹ̀ bí ní ọdún 1983: ọmọ ọdún 16 ni nígbà ti Lisbon, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ àwọ̀n tó, ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹni ọdún 19 yóò fi èjìká gbá a sẹ́yìn, nígbà tí ti Thessaloniki sì fi dé, ó ti di ẹni ogún ọdún, wọn kò gbà á wọlé mọ́. Àfi bí ẹni pé ọdún ìbí wà lára àkúnlẹ̀yàn. Pau Gasol àti Juan Carlos Navarro, tí wọ́n wà nínú ikọ̀ Sípéènì tí ó na Amẹ́ríkà ní 94 sí 87 nínú àṣekágbá ti Lisbon, ọdún 1980 ni a bí àwọn méjèèjì. Andrew Bogut, òpómúléró ikọ̀ Ọsirélíà tí ó gba ife ní Thessaloniki, ọdún 1984 ni tirẹ̀. Stephen Curry, tí Sérbíà borí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àṣekágbá ti Novi Sad, ọdún 1988 ni. N kò sọ pé ọdún ìbí ni ó sọ wọ́n di akọni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tí a bí ní ọdún tí kò bọ́ sí i kò rí irú pápá bẹ́ẹ̀ dúró lé.

FIBA gbìyànjú láti fi ìdíje mìíràn kún un fún àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ sí i, èyí tí a ṣe ní Valladolid ní ọdún 1993, ní Melbourne ní ọdún 1997, ní Saitama ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 2001, àti ní Argentina ní ọdún 2005, kí a tó pa á tì. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa mí, nítorí pé nígbà tí òdiwọ̀n fi di ọdún 21, àwọn tí a bí ní ọdún 1980 àti ọdún 1984 kan náà ni oore náà tún padà lọ bá. Ẹni ọdún 1983 tí a ń wí yìí jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà ti Saitama, ó sì ti di ẹni ọdún 22 nígbà ti Argentina. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ará Yúróòpù ti ń ṣe tiwọn láti ìgbà pípẹ́ ṣáájú. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Naples, wọ́n fi ti àwọn tí ó kéré sí wọn lélẹ̀ ní Gorizia ní ọdún 1971, wọ́n sì fi ti àwọn tí ó ṣe díẹ̀ jù wọ́n lọ kún un ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 1992. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 2004 ni ó ti di ọdọọdún, wọ́n sì wá pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ìsọ̀rí A àti ìsọ̀rí B, kí mẹ́ta tí ó bá gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́rìndínlógún ti ìsọ̀rí A máa já sí ìsàlẹ̀, kí mẹ́ta tí ó bá ṣíwájú ní ìsàlẹ̀ sì máa gòkè. Àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké bí Andorra, Malta àti Gibraltar wà ní ìsọ̀rí C. Èmi rí ọgbọ́n nínú ètò yìí ju bí àwọn ènìyàn ti ń ròyìn rẹ̀ lọ, nítorí pé láyé àtijọ́, orílẹ̀-èdè tí kò lágbára a máa jẹ ìyà nínú eré díẹ̀ láti yege, yóò sì palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ojúgbà wọn gbá á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ní òkè kan tí wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àbùkù. Ẹ̀rù jíjá sísàlẹ̀ lè mú kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbó lónìí ṣe ààyò, kí ó sì gbàgbé ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò ta á yọ lọ́la. Nígbà tí àjàkálẹ̀ kòrónà dé, wọ́n fagi lé ti ọdún 2020, wọ́n sì fi ìdíje mìíràn tí kò sí jíjá tàbí gígòkè nínú rẹ̀ rọ́pò ní ọdún 2021.

Ní ti àgbáyé, àwọn ọmọbìnrin, tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní Colorado Springs ní ọdún 1985, ni ìtúsílẹ̀ kọ́kọ́ dé bá: lẹ́yìn ti Tunis ní ọdún 2005, ọdún méjì péré ni wọ́n dúró kí ti Bratislava tó dé. Ti àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e, láti Novi Sad sí Auckland ní ọdún 2009. Ní ọdún 2010 ni FIBA wá dá ife àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ sílẹ̀, ti ọkùnrin ní Hamburg, ti obìnrin ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi í sí ọdún tí ti àwọn ọdún 19 kò sí. Ibi tí ìṣirò náà ti tò nìyí: láti ìgbà náà, ẹni tí a bá bí ní ọdún 1993 yóò pé ọdún 17 gẹ́lẹ́ ní ọdún 2010, ẹni tí a bí ní ọdún 1994 yóò pé ọdún 19 gẹ́lẹ́ ní ọdún 2013, kò sì sí ọmọ kan tí ọdún ìbí rẹ̀ fò ó dá pátápátá mọ́.

Amẹ́ríkà ni ó jèrè àtúntò yìí jùlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà ni ó kọ́ wọn. Nínú ife àwọn ọdún 19 ní Bormio ní ọdún 1987, Toni Kukoc ọmọ Yugoslavia ju bọ́ọ̀lù 12 sí wọn láti ẹ̀yìn ìlà jíjìn, 11 nínú rẹ̀ sì wọlé. Ní Athens ní ọdún 1995, ipò keje ni wọ́n wà. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbà ní ọdún 1991, wọn kò fojú kan ife náà mọ́ títí di ọdún 2009. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọdún 2009 ni wọ́n dá ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún 16 sílẹ̀, wọ́n fi í sí abẹ́ Don Showalter, akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ẹ̀kọ́ girama láti Iowa, ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ gbá 62 eré títí di ọdún 2018 láìpàdánù ẹyọ kan, tí ó sì kó àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́wàá. Gbogbo ife àwọn ọkùnrin ọdún 17, láti Hamburg títí dé Istanbul ní ọdún 2024, Amẹ́ríkà ni ó gbà á.

Áfíríkà ti ní ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 18 lọ láti ọdún 1977, ti ọdún 16 kò sì dé títí di ọdún 2009. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, nínú ife àgbáyé àwọn ọdún 19 ní Heraklion, Málì na Faransé ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá, kí Amẹ́ríkà tó fi 93 sí 79 dá a dúró.

Ìlẹ̀kùn mìíràn wà tí kàlẹ́ńdà kò lè ṣí, ìyẹn ti aṣọ tí ọmọ kọ́kọ́ wọ̀. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1980, èyí sì di ìdènà fún un nígbà tí ó di ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1993. Àfi ìgbà tí FIBA yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó tó wọ aṣọ Amẹ́ríkà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996. Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀, ẹni tí a bí sí Athens ní ọdún 1994, ọdún ìbí rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, ìwé ọmọ onílẹ̀ ni kò ní. Ọdún 2013 ni ó rí i gbà, ó sì kọ́kọ́ wọ aṣọ Gíríìsì nínú ìdíje àwọn ọmọ ogún ọdún ní Tallinn ní ọdún náà gan-an. Josh Okogie, tí a bí sí Èkó ní ọdún 1998, gbá fún Amẹ́ríkà nínú ife àgbáyé àwọn ọdún 19 ní Cairo ní ọdún 2017, ó pé ọdún 19 nínú ọdún náà. Ní ọdún 2019, nígbà ife àgbáyé àwọn àgbà ní China, aṣọ Nàìjíríà ni ó wà lọ́rùn rẹ̀.