Egbò ìdùbúlẹ̀: Ohun tí fóòmù tó dáa lè ṣe fún àgbàlagbà, àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ kíà ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà nílùú Ọba. Bí ẹ bá wà lára wọn, tàbí tí ẹ ní màmá àgbà tí kò lè dìde mọ́ nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ló ń fà á?

Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan pẹ́ jù, ẹran ara á há sáàárín eegun àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀, ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ibi tó ti wọ́pọ̀ jù ni ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Egbò náà lè jìn dé eegun, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń pa èèyàn.

Irú fóòmù wo ló dáa?

Fóòmù pàtàkì tí wọ́n ṣe fún un máa ń pín ìwúwo ara káàkiri, kó má bàa dá lé ojú kan. Aláfẹ́fẹ́ náà wà, tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tó sì ń tú u sílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ó wọ́n ju fóòmù lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín aláìsàn 2,029 ní UK, tó jáde ní 2019, kò rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín méjèèjì.

Ṣé fóòmù nìkan ti tó?

Rárá o. Ẹ gbọ́dọ̀ máa yí ẹni náà padà. Ìlànà NICE ti ọdún 2014 ní England sọ pé kó má ju wákàtí 6 lọ fún ẹni tó wà nínú ewu, àti wákàtí 4 fún ẹni tí ewu tiẹ̀ pọ̀ gan-an.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 tẹ̀lé àgbàlagbà 942 ní ilé ìtọ́jú 27 fún ọ̀sẹ̀ 3. Wọ́n ń yí àwọn kan padà ní gbogbo wákàtí 2, àwọn kan 3, àwọn kan 4. Èsì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: nǹkan bí 2% péré ló ní egbò. Àmọ́ orí fóòmù tó dáa ni gbogbo wọn sùn o. Ẹ má fi fóòmù lásán dán an wò.

Kí lẹ máa ṣọ́?

Wọ́n máa ń ní kí ẹ wo ibi tó bá pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná tàbí ó le ju ibi tó yí i ká lọ? Ṣé ó ń dun ẹni náà?

Ẹ má fi òróró ra á, ẹ má sì wọ́ ọ. Ó lè ba awọ ibẹ̀ jẹ́ sí i. Ẹ fi pílò gbé ẹsẹ̀ sókè kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Tí pámpà bá ti tutù, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Tí awọ bá ti bó, ẹ pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an.