Ọ̀ṣùká Lápá Ṣọ́jà

Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ṣọ́jà àtijọ́ lé yín lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo orí, ẹ wo apá, ẹ wo àyà, kí ẹ tó wá sí ẹsẹ̀. Ojú a máa jọ ti gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ohun tí ìjọba rán mọ́ aṣọ ló ń sọ ibi tí ẹni náà dé.

Bí mo ṣe wo fọ́tò ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá mi nìyẹn. Nílé wa, gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa bàbá yìí kò ju pé ó lọ sógun Hítílà. Ìyá mi tilẹ̀ bi mí pé, “Kí lo tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?” Ṣùgbọ́n ogun Hítílà fẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó lé àwọn Ítálì kúrò ní Sòmálíà àti Ẹtiópíà ní 1941. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ Bọ́mà.

Àkẹtẹ̀ kákí tí wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè ni bàbá dé. Ó wọ bàtà pẹ̀lú. Ṣáájú ogun yẹn, fìlà pupa roboto ni ṣọ́jà wa ń dé, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì sábà fi ń tò. Nítorí náà, fọ́tò yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ yẹn.

Apá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé e, mo rí ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Níbi tí wọ́n ti pàdé, nǹkan roboto kan wà níbẹ̀: ọ̀ṣùká ni, irú èyí tí ìyá mi máa ń wé kí ó tó gbé omi. Àmì dìfíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Àwọn dìfíṣọ̀n 81, tó ṣáájú wọn, aláǹtakùn ni tiwọn. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, kí ó lè kọjú síwájú nígbà tí ṣọ́jà bá na ìbọn.

Ọ̀ṣùká yẹn tọ́ sí àwọn dìfíṣọ̀n 82. Òkè, igbó àti odò ni ilẹ̀ Arakan ní Bọ́mà, níbi tí dìfíṣọ̀n méjèèjì ti jà. Mọ́tò kò rọ́nà gbà. Kí àwọn dìfíṣọ̀n 81 tó lè wọ àfonífojì Kaladan, wọ́n fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó tó máìlì 75. Lẹ́yìn ibẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹrù bá sì ti balẹ̀, orí aláàárù ló kù. Àwọn aláàárù yìí, ṣọ́jà ni gbogbo wọn. Wọ́n gbé ọta, wọ́n gbé ìrẹsì, wọ́n gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ó máa ń dùn mí pé ìbọn nìkan ni à ń bèèrè bí a bá ń sọ̀rọ̀ ogun.

Láyà, rìbọ́ọ̀nù méjì. Èkejì ní ìlà gbòòrò láàrin àti ìlà tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àmì-ẹ̀yẹ Bọ́mà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Kò sẹ́ni tó lè fi í sáyà ṣáájú ọdún yẹn. Lẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. NA ni ti Nàìjíríà, GC ti Gold Coast, SL ti Sàró.

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún ìyá mi, ó rántí ọ̀rọ̀ kan. Bàbá a máa sọ pé Letmauk ni etí ọ̀tún òun ti di. Àwọn ọmọ ilé rò pé bárékè Letmauk tó wà ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn, ló ń wí, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ibì kan ní Bọ́mà ló kọ́kọ́ ń jẹ́ Letmauk. Ibẹ̀ ni dìfíṣọ̀n ọlọ́ṣùká ti bá àwọn Jàpáánù jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, kí wọ́n tó gbé orúkọ náà wá fún bárékè, bí wọ́n ṣe fi Dodan, ibòmíràn ní Bọ́mà, sọ bárékè l’Ékòó. Bàbá kò ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá rí. Oko kòkó ló padà sí.