Àwọn Agbẹ́lẹ̀ àti Owó-orí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí yóò kọ́ ilé, ìpìlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́. Bí ilé bá sì parí tán, ògiri àti òrùlé ni àlejò ń yìn. Kò sí ẹni tí í béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní London tí iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe. Ó ti dá kọ́ńpìnnì kékeré sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n sì ń ri páìpù mọ́lẹ̀. Òun ni ó sọ fún mi pé nínú owó iṣẹ́ òun, agbaṣẹ́ṣe àgbà tí ó gbé iṣẹ́ fún òun a máa yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún ìjọba kí ó tó san ìyókù. Mo bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ náà dàgbà ju òun lọ. Ìtàn ẹ̀ṣẹ̀ náà ni mo wá sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Ní ọdún 1966, ìjọba Harold Wilson gbé owó-orí tuntun kan kalẹ̀. Fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí agbaṣẹ́ṣe bá gbà síṣẹ́, yóò san ṣílè 25 lọ́sẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tí ń rọ nǹkan jáde rí tiwọn gbà padà. Àwọn tí ń kọ́lé kò rí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ara rẹ̀, kò sí owó-orí yìí lórí rẹ̀. Kí ni a rò pé àwọn agbaṣẹ́ṣe yóò ṣe? Wọ́n sọ lébìrà àná di ọ̀gá ara rẹ̀. Ṣọ́bìrì kò yí padà, kòtò kò yí padà; wọn a dá iye lé kòtò náà, wọn a sì ka owó lé e lọ́wọ́ lódìdì. Àṣà náà ti wà tẹ́lẹ̀, “the lump” ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n owó-orí yìí ni ó da epo sí iná rẹ̀. Ní tèmi o, ìjọba ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀tàn tí ó tún wá ń lé kiri lẹ́yìn náà.

Owó òdìdì dùn ún gbà, àmọ́ kò sí owó ìsinmi nínú rẹ̀, kò sí owó àìsàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbà á ni kò sì san owó-orí kankan. Kí akọ̀wé owó-orí tó dé, wọ́n ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1972, ohun tí wọ́n béèrè ni 30 pọ́n-ùn fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀, àti kí á pa àṣà yìí rẹ́. Owó wọn lé sí i; àṣà náà kò kú.

Ìjọba náà ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1971, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1972: agbaṣẹ́ṣe àgbà gbọ́dọ̀ yọ owó-orí sílẹ̀ nínú owó ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí. Àlàfo kan wà nínú òfin náà: kò kan kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì lábẹ́ òfin sì jẹ́ ẹ̀dá kan lọ́tọ̀. Ó lè jẹ gbèsè, ó lè kú, kí ẹni tí ó ni ín máa rìn lọ ní tirẹ̀. Àwọn tí kò ní ju ṣọ́bìrì kan lọ wá di kọ́ńpìnnì. Nígbà tí owó-orí bá fi máa tó san, kọ́ńpìnnì ti kú, olówó rẹ̀ ti dá òmíràn sílẹ̀. Òfin ọdún 1975, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, ni ó tó fa kọ́ńpìnnì wọlé. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní 714 wá di ohun iyebíye. Àwòrán ojú ẹni wà nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ wọ́n ń jí i, wọ́n ń yá a, wọ́n sì ń tà á. Ní 1999, káàdì rọ́pò rẹ̀.

Ètò tí ó wà títí di òní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Agbaṣẹ́ṣe àgbà yóò bi ọ́fíìsì owó-orí léèrè nípa ẹni tí ó fẹ́ san owó fún. Ẹni tí wọ́n mọ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò yọ. Ẹni tí wọn kò mọ̀, ìdá 30. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán, wọn kò ní yọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìfọkàntán yìí ní iye tirẹ̀: yàtọ̀ sí pé owó-orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, iṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì ń ṣe lọ́dún, láìka ohun èlò, gbọ́dọ̀ tó 30,000 pọ́n-ùn fún olùdarí kọ̀ọ̀kan, tàbí 100,000 lápapọ̀.

Ibí yìí ni ìwé ìṣirò ti di ọ̀ràn ikú àti ìyè. Ká ní iṣẹ́ ìpìlẹ̀ kan jẹ́ 10,000 pọ́n-ùn, tí òkúta wẹ́wẹ́ àti páìpù inú rẹ̀ jẹ́ 4,000. Orí 6,000 tí ó kù nìkan ni wọn yóò ti yọ ìdá 20, èyí tí í ṣe 1,200. Agbẹ́lẹ̀ yóò gba 8,800. Bí ó bá gbàgbé láti ya ohun èlò sọ́tọ̀, 2,000 ni yóò lọ. Owó tí wọ́n yọ kò ṣègbé: kọ́ńpìnnì lè fi dí owó-orí tí ó yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì béèrè ìyókù lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin tí ọdún owó-orí wọn ń parí. Ó lè ṣòro fún ẹni tí ó bá so ìwé àyọkúrò rẹ̀ nù láti rí owó náà gbà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ wa náà mọ irú àyọsílẹ̀ yìí. “Withholding tax” ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n tún fi kan VAT, owó-orí orí ọjà. Tẹ́lẹ̀, agbẹ́lẹ̀ a gba 2,000 lé orí 10,000 náà, a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ìsanwó yóò fi pé. Àwọn kan ń gbà á, wọ́n ń sá lọ. Nísinsìnyí, agbaṣẹ́ṣe àgbà ni ó ń ṣírò rẹ̀ fún ìjọba fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sá rí, ṣùgbọ́n owó tí ó fi ń ra páìpù láàárín oṣù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí ń ta páìpù fún òun kì í dúró de ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Inú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ó ń kó àwọn ìwé àyọkúrò náà sí, ti oṣù kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀.